Odò kan, orúkọ púpọ̀. Orúkọ kan, ìlú méjì

Bí ọkọ̀ bá ń gba orí afárá Kennedy kọjá ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, omi ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Ó tẹ́ lọ bẹẹrẹ títí ojú kò fi fẹ́ẹ́ tó o mọ́. Aṣọ tí àwọn alágbàfọ̀ sá wà létí odò, ọkọ̀ àwọn apẹja ń rìn jẹ́jẹ́ lórí omi, ràkúnmí tó ru igi ìdáná sì ń bá mọ́tò jìjà ọ̀nà lórí afárá. Ọdún 1970 ni wọ́n ṣí afárá yìí, orúkọ ààrẹ Amẹ́ríkà tí wọ́n pa ní 1963 ni wọ́n sì fi pè é. Apá kejì odò ni wọ́n ń pè ní Harobanda, èyí tó túmọ̀ sí ẹ̀yìn omi ní èdè Zarma.

Ọmọ Yorùbá tó bá dúró níbẹ̀, tó sì bi Zarma kan léèrè orúkọ odò náà, yóò gbọ́ pé Isa Beri ni, ìyẹn odò ńlá. Bó bá bi Haúsá, yóò ní Kwara ni. Akọ́wé tó gbọ́ Faransé yóò ní Niger ni. Ẹnu yóò sì ya ọmọ Yorùbá náà bíi ti ẹni tó pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìdálẹ̀, tó wá rí i pé orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Omi tó ń wò yìí ni àwọn baba rẹ̀ ń pè ní Odò Ọya.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí àwọn tó sọ odò yìí lórúkọ wò kò dọ́gba, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ kan ṣoṣo ṣe máa ń bọ́ sọ́rùn ohun méjì tí kò bára tan rárá. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ lè ṣìnà, ó sì lè san owó ìṣìnà náà.

Omi kan náà, orúkọ méje

Orí òkè ní orílẹ̀-èdè Gíní ni odò yìí ti ṣẹ̀, níbi tí kò jìnnà sí òkun rárá. Ṣùgbọ́n dípò kó yà sínú òkun tó wà nítòsí rẹ̀, ẹ̀yìn ló kọ sí i. Ó gba ìhà àríwá lọ títí ó fi kan etí aṣálẹ̀ ní Timbuktu, kó tó tẹ̀, tó gba Gao kọjá sí Niamey, Say àti Gaya, tó fi wọ Nàìjíríà. Ó gba Jẹ́bà àti Lọ́kọ́ja lọ sínú òkun. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi 4,180 kìlómítà.

Àwọn Bambara ní Mali ń pè é ní Joliba. Songhay àti Zarma ń pè é ní Isa Beri. Àwọn Tuareg ní odò àwọn odò ni, egerew n-igerewen. Haúsá ní Kwara, Tápà ní Edu, Yorùbá ní Ọya, Igbo ní Orimili. Apá tó kan ilẹ̀ oníkálukú ló mọ̀, apá náà ló sì sọ lórúkọ.

Ohun tí èyí fà kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 1796, Mungo Park, oníṣègùn ará Scotland, dé Segou, ó sì rí Joliba pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ó rí i pé ìhà ìlà-oòrùn ló ń ṣàn lọ. Ṣùgbọ́n ibo ló ń já sí? Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù ń jiyàn. Àwọn kan ní ó ń lọ pàdé odò Nile. Àwọn kan ní inú iyanrìn ló ń gbẹ sí. Park fúnra rẹ̀ rò pé òun náà ni odò Congo. Ó tún padà wá, ó wọ ọkọ̀ láti tẹ̀lé omi náà dé òpin rẹ̀, ìrìn àjò náà ló sì gba ẹ̀mí rẹ̀ ní Bussa ní ọdún 1806.

Ọdún 1830 ni Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gba Àgbádárìgì wọlé, wọ́n la ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n sì dé Bussa. Wọ́n wọ ọkọ̀ níbẹ̀, wọ́n tẹ̀lé omi títí wọ́n fi bọ́ sí òkun. Ìgbà náà ni àríyànjiyàn parí ní Yúróòpù: Joliba ni Kwara, Kwara sì ni omi tó ń tú sínú òkun ní gúúsù. Àwọn ọlọ́kọ̀ àti oníṣòwò tó ń rìn lórí odò náà láti ìlú dé ìlú ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́ pé omi kan tẹ̀lé òmíràn. Ibi tí Park kú sí ti wà lábẹ́ adágún Kainji báyìí, láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ìdídò ńlá síbẹ̀ ní 1968.

Orúkọ Niger náà ní ìtàn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé dúdú ló túmọ̀ sí, nítorí pé ọ̀rọ̀ Látìn kan jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé inú ọ̀rọ̀ àwọn Tuareg, odò àwọn odò, ni orúkọ náà ti yọ, tí etí àwọn àlejò wá gbọ́ ọ bó ṣe wù wọ́n. Ìyẹn ni pé ìjọra ọ̀rọ̀ lásán ló sọ odò ńlá di odò dúdú lẹ́nu àwọn tí kò mọ̀ ọ́n.

Oní-omi ní Niamey, Ọya ní Irá

Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Niamey lónìí. Síbẹ̀, ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé Songhay àti Zarma kò tíì parẹ́, nínú ìtàn náà ni odò yìí sì ti ní olówó orí. Orúkọ rẹ̀ ni Harakoy Dikko. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò tètè lóye bí wọ́n ṣe hun orúkọ náà. Hari ni omi, koy ni ẹni tó ni nǹkan. Oní-omi ni Harakoy, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń sọ pé Olókun fún ẹni tó ni òkun, tàbí Ọlọ́sà fún ẹni tó ni ọ̀sà.

Níbí, orúkọ odò yàtọ̀ sí orúkọ ẹni tó ni ín. Isa Beri ni omi, Harakoy Dikko ni obìnrin tó wà nínú rẹ̀. Ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ọya ni odò, Ọya náà sì ni òrìṣà. Ọ̀ṣun ni odò tó gba Òṣogbo kọjá, Ọ̀ṣun náà ni ìyá tí wọ́n ń bọ nínú igbó tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀ ní 1991, orúkọ yìí kan náà ni wọ́n fún un. Ọbà àti Erinlẹ̀ náà jẹ́ odò, wọ́n sì jẹ́ òrìṣà.

Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Achelous ni orúkọ odò ńlá kan nílẹ̀ wọn, òun náà sì ni òrìṣà tó ń gbé inú rẹ̀. Nínú ìtàn wọn, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Icarus fi ìyẹ́ àti ìda fò lọ sókè títí oòrùn fi yọ́ ìda náà. Ó já sínú òkun, erékùṣù tó wà nítòsí ibẹ̀ sì ń jẹ́ Ikaria títí di òní.

Orúkọ òrìṣà lè rìn kó fi omi rẹ̀ sílẹ̀ pàápàá. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil mú Ọya dání, wọ́n ń pè é ní Iansã níbẹ̀, láti inú oríkì rẹ̀ tó ní í ṣe pẹ̀lú ọmọ mẹ́sàn-án. Odò kò bá wọn lọ. Ìjì àti mànàmáná rẹ̀ ni wọ́n ń bọ níbẹ̀.

Ààrá tó sán ní Gangel

Ní ọdún 1942, ọ̀dọ́mọdé ẹnjiníà ará Faransé kan, Jean Rouch, ń darí àwọn tó ń la ọ̀nà ní ilẹ̀ Nìjẹ̀r. Lọ́jọ́ kan, ààrá sán ní Gangel, ó sì pa òṣìṣẹ́ mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan òkú wọn. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń bá Rouch ṣiṣẹ́, Damouré Zika, ló sọ fún un pé Dongo ló bínú, pé ìyá àgbà òun, Kalia, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìran Sorko ni ìyá náà, àwọn apẹja tó mọ ọ̀rọ̀ odò àti ti àwọn ẹ̀mí inú rẹ̀. Ó wá, ó sì ṣe ètùtù. Ohun tí Rouch rí lọ́jọ́ náà ló yí ìgbé ayé rẹ̀ padà. Ó di onímọ̀ nípa àṣà àti olùyàwòrán sinimá, ó sì fi èyí tó pọ̀ nínú ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí Songhay àti Zarma. Nìjẹ̀r ló kú sí ní 2004, Niamey ni wọ́n sin ín sí.

Kò sí Yorùbá tó gbọ́ ìtàn yìí tí kò ní rántí Ṣàngó. Ní ilẹ̀ Yorùbá náà, ẹni tí ààrá bá pa, àwọn ará ilé rẹ̀ kì í dá a gbé. Àwọn oníṣàngó ni wọ́n ń ké sí. Àáké wà lọ́wọ́ Dongo, osé wà lọ́wọ́ Ṣàngó. Nígbà tí ẹ̀mí bá bà lé ènìyàn, Songhay ní ẹ̀mí gun ẹni náà bí ẹṣin, ẹṣin ni wọ́n sì ń pè é. Yorùbá ní òrìṣà gùn ún, ẹlẹ́gùn ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń lọ sópin, àwọn Songhay àti Zarma máa ń ṣe yenendi láti tọrọ òjò. Ìtutù ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, ẹni tó bá sì mọ bí Yorùbá ṣe ń fi omi tútù bẹ òrìṣà kò ní béèrè ìdí.

Ó tún wá kan ìró orúkọ. Dongo, Ṣàngó. Ó rọrùn láti pàtẹ́wọ́, kí ènìyàn ní ọ̀kan náà ni wọ́n, pé ọ̀nà ló jìn tí ẹnu fi yí i padà.

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ènìyàn ti rọra. Nínú ìtàn Songhay, ara ìdílé Harakoy Dikko ni Dongo. Tooru ni wọ́n ń pe àwọn ẹ̀mí ìdílé náà, ìyá sì ni obìnrin inú odò jẹ́ láàárín wọn. Nínú ìtàn Yorùbá, ìyàwó Ṣàngó ni Ọya. Ṣàngó jẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́ kó tó di ẹni tí wọ́n ń bọ, Kòso sì ni ìtàn rẹ̀ dúró sí. Ọya ní tirẹ̀ wọlẹ̀ ní Irá. Songhay tún pín iṣẹ́ ojú ọ̀run sí méjì: Dongo ló ni ààrá, Cirey, tí orúkọ rẹ̀ jẹ mọ́ pupa, ló ni mànàmáná. Ìró orúkọ nìkan kò lè so ìdílé méjì tó jìnnà síra bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Síbẹ̀, ọ̀nà wà láàárín wọn. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ọmọ ọba Tápà ni ìyá Ṣàngó, etí odò yìí kan náà sì ni ilẹ̀ Tápà wà. Odò tó gba Niamey kọjá ló gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Èèyàn, ẹṣin, iyọ̀ àti ìtàn lè gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ọ̀nà wà, ọ̀tọ̀ ni kí a rí ẹsẹ̀ ẹni tó gba ibẹ̀.

Faran ta ni? Ajax ọmọ ta ni?

Láàárín àwọn Songhay fúnra wọn, orúkọ kan lè jẹ́ ti ẹni méjì. Faran Maka ni akọni tí àwọn Sorko ń pè ní baba ńlá wọn. Faran Baru Koda ní tirẹ̀ wà lára ìdílé Harakoy Dikko, koda sì túmọ̀ sí àbíkẹ́yìn. Ẹni tó bá pe Faran lásán kò tíì pe ẹnì kankan. Orúkọ kejì ló ń sọ ẹni tí à ń wí.

Orúkọ àwọn Tooru yòókù tún ń sọ nǹkan mìíràn. Hausakoy, tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ láàárín wọn, oní-Haúsá ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí. Mahama Surgu ní tirẹ̀, Surgu ni orúkọ tí Songhay ń pe àwọn Tuareg. Ẹ̀yà tó yí odò náà ká ló kóra jọ sínú orúkọ ìdílé kan yìí, bí wọ́n ṣe ń kóra jọ ní ọjà Niamey títí di òní.

Irú ìṣòro kan náà bá àwọn Gíríìsì. Nínú ìtàn ogun Troy, jagunjagun méjì ló ń jẹ́ Ajax nínú ọmọ ogun kan ṣoṣo. Ohun tí Yorùbá ìbá ṣe ni wọ́n ṣe: wọ́n pe ọ̀kan ní Ajax ọmọ Telamon, wọ́n pe èkejì ní Ajax ọmọ Oileus. Ìlú méjì ló ń jẹ́ Thebes nínú ìtàn wọn, ọ̀kan nílé, ọ̀kan ní Íjíbítì. Wọ́n fi oríkì yà wọ́n sọ́tọ̀: ti ilé ní ẹnubodè 7, ti Íjíbítì ní 100. Àwọn ará Íjíbítì kọ́ ni wọ́n sọ ìlú wọn ní Thebes. Àlejò ló mú orúkọ ilé rẹ̀ dé ibẹ̀.

Ògún kọ́ ni Ògùn

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ìdálẹ̀ nìkan ni èyí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń rí "Ogun" lára pátákó ọkọ̀ lójoojúmọ́, tí wọ́n rò pé òrìṣà irin ni wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ tí Abẹ́òkúta jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Odò Ògùn, tó gba Abẹ́òkúta kọjá, ni wọ́n fi pe ìpínlẹ̀ náà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1976. Yemọja ni wọ́n sì ń dárúkọ mọ́ odò yìí, kì í ṣe òrìṣà irin.

Àmì ohùn kan ló wà láàárín alágbẹ̀dẹ àti omi. Bí òǹkọ̀wé bá fò ó, òrìṣà yóò gba odò olódò. Bí èdè tí gbogbo ènìyàn gbọ́ nílé bá lè pa irú ìyàtọ̀ báyìí mọ́, báwo ni ti èdè tí wọn kò gbọ́ yóò ti rí?

Ìlú méjì, lẹ́tà kan

Ọjọ́ 8, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1897, ni obìnrin oníròyìn kan, Flora Shaw, dábàá orúkọ Nàìjíríà nínú ìwé ìròyìn The Times ní London. Inú orúkọ odò ló ti fà á yọ. Ní 1922, Faransé fi orúkọ odò kan náà pe ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn ní Colonie du Niger, Niamey sì di olú-ìlú rẹ̀ ní 1926. Ìlú méjèèjì gba òmìnira nínú ọdún kan náà: Nìjẹ̀r ní ọjọ́ 3, oṣù kẹjọ, 1960, Nàìjíríà ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹwàá. Kò tán síbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Niger wà nínú Nàìjíríà, Minna ni olú-ìlú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Benin náà rí bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà ni ìlú Benin, ilé Ọba Edo, wà. Orúkọ ìlú yẹn ni àwọn atukọ̀ fi pe apá òkun tó wà níbẹ̀, orúkọ òkun náà sì ni orílẹ̀-èdè Dahomey gbà ní 1975. Ẹni tó bá ń wá ààfin Ọba Benin ní Kútọnú ti gba ọ̀nà ibòmíràn.

Ní Niamey, ọ̀rọ̀ yìí kan owó àti ìwé. Ní Faransé, Nigérien ni ọmọ Nìjẹ̀r, Nigérian ni ọmọ Nàìjíríà. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Yorùbá tó ń ṣòwò níbẹ̀, tí akọ̀wé bá kọ e sí ibi tí a yẹ kó wà lórí fọ́ọ̀mù rẹ̀, ti di ọmọ ìlú mìíràn lórí bébà. Ẹni tó bá ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí àwọn ará rẹ̀ níbẹ̀, kó rántí àwọn nǹkan wọ̀nyí: +227 ni nọ́ńbà fóònù Nìjẹ̀r, +234 ni ti Nàìjíríà. NER ló máa ń wà nínú ìwé ìrìnnà Nìjẹ̀r, NGA ni ti Nàìjíríà. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, .ne ni ti wọn, .ng ni ti Nàìjíríà. Kó kọ Niamey síbẹ̀ gbàǹgbà pẹ̀lú, nítorí pé "Niger" nìkan lè gbé ẹrù lọ sí Minna.

Ọdún 2023 tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Ní ọjọ́ 26, oṣù keje, àwọn sójà gbàjọba ní Niamey. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 30, àjọ ECOWAS ti pàṣẹ pé kí wọ́n ti ẹnubodè. Ọkọ̀ ẹrù dúró, oníṣòwò dúró, ìyàwó wà níhìn-ín, ọkọ wà lọ́hùn-ún. Oṣù kejì, ọdún 2024, ni ECOWAS tó mú èyí tó pọ̀ nínú òfin náà kúrò. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn tó pín orúkọ kan jẹ kò lè dé ọ̀dọ̀ ara wọn. Omi tí orúkọ rẹ̀ kò bára mu níbi méjèèjì ni kò dúró lọ́jọ́ kan. Isa Beri kọjá ní Niamey, ó gba ẹ̀gbẹ́ Gaya, ó wọlé, ó sì di Ọya ní Jẹ́bà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ orúkọ tó jọ orúkọ ilé rẹ̀ ní ìdálẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yára di mọ́ ọn, kò sì gbọ́dọ̀ yára kọ̀ ọ́. Kó béèrè pé ta ló sọ ọ́, ibo ló ti wo omi náà, ọmọ ta ni. Ọmọ Yorùbá tó bá tún gba orí afárá Kennedy kọjá lè kí Harakoy Dikko bí àlejò ṣe ń kí onílé. Bó bá ń ronú ilé, kó wo omi tó ń lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà ilé ni omi náà forí lé.